Ẹ̀kán Ẹ̀jẹ̀ Bualai

Bualai ká apá aṣọ sókè, ó na ìka sí nọ́ọ̀sì nínú gbọ̀ngàn tẹ́ńpìlì. Ọjọ́ ìbí ìyá ọkọ rẹ̀ ni. Ó fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ kí èrè iṣẹ́ rere náà lè jẹ́ ti ìyá.

“Ẹ má gbà á,” Phikun, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, sọ lẹ́yìn. “Ẹ̀jẹ̀ jíjẹrà tó fi ba Fai ọmọ rẹ̀ jẹ́ nìyẹn, tí wọ́n fi ń fa ẹ̀jẹ̀ sí ọmọ náà lára lóṣooṣù. Ìyá, èrè jíjẹrà lẹ fẹ́ gbé lọ sáyé tó ń bọ̀?”

Ìkòkò ẹja kíkan tí a kò dé kì í rùn tó ẹnu obìnrin yìí. Òun ló rọ ìyá títí ìyá fi pinnu pé lónìí ni Bualai máa padà sílé bàbá rẹ̀, kí ó fi Fai sílẹ̀. Thongdam, ọkọ, ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí adìyẹ tí òjò pa.

Nọ́ọ̀sì gún ìka, ó kán ẹ̀jẹ̀ sínú omi aláwọ̀ aró. Ẹ̀jẹ̀ tí kò lágbára máa ń léfòó níbẹ̀. Ti Bualai rì tààrà bí òkúta.

“Ó yẹ.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tí ẹ ti sọ fún mi fún wọn,” Bualai ní.

“Ó gbé àmì àìsàn Fai lára, àmọ́ kò ṣe é ní nǹkan kan. Òbí kan ṣoṣo kò sì lè fún ọmọ ní irú ti Fai. Bàbá náà gbọ́dọ̀ gbé e.”

Phikun pàtẹ́wọ́. “Ẹ gbọ́? Thongdam kò gbé nǹkan kan. Oyún ìta ló gbé wá nìyẹn.”

Thongdam mọ òtítọ́. Síbẹ̀, ó jẹ́ kí wọ́n fi orúkọ alágbèrè kọ́ ìyàwó rẹ̀ lọ́rùn. Ìwà ìríra.

Ìyá yíjú sí i. “Àbúrò yín tó kú, ikùn rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ pọ́n bíi ti Fai. Ṣé ìwọ náà gbé àmì àìsàn náà lára?”

“Wọ́n ti sọ fún mi nílé ìwòsàn pé mo gbé e, kí n tó gbéyàwó. Ẹ̀gbọ́n ló ní ká di ẹrù náà ru Bualai.”

Ìyá tu itọ́ pupa ewé tó ń jẹ sí iwájú Phikun. “Ẹni da eérú leérú ń tọ̀. Kó ẹrù rẹ kúrò nílé mi. Thongdam, abẹ́ ilé olópòó wa ni wàá máa sùn, lọ́dọ̀ àwọn ẹfọ̀n tí a so síbẹ̀.”

Nígbà tí àpò ẹ̀jẹ̀ kún, ìyá gbé Fai lé Bualai lẹ́sẹ̀. Bí àwọn àlùfáà tẹ́ńpìlì ti ń gbàdúrà, ó da omi tí wọ́n fi ń pín èrè iṣẹ́ rere sínú abọ́ díẹ̀díẹ̀.

“Di ọwọ́ mi mú, ọmọ mi,” ó ní. “Àwa méjèèjì la jọ ni èrè náà.”