Ta Ló Gbé Apá Kẹta Sókè?

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni wọ́n kọ́kọ́ rí i pé ẹnìkan ti fọwọ́ kan pátákó náà.

Pátákó dúdú ni, ó wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí Arojọ́ ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì nílé sinimá. Orí rẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ti máa ń to fíìmù Ọmọ Ìjì sí ipò, láti orí èyí tó dára jù dé orí èyí tó burú jù. Apá mẹ́fà ni fíìmù náà. Akọni inú rẹ̀ a máa fi ìbòjú aláwọ̀ ewé bo ojú, a máa gun atẹ́gùn bí ẹni gun kẹ̀kẹ́. Àríyànjiyàn lórí apá tó dùn jù ti pa ọ̀pọ̀ oúnjẹ ọ̀sán tì nínú ilé yẹn. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ní: ẹni tó bá gbé fíìmù kan sí ipò kan gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kò nídìí kò lẹ́nu.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí wọ́n tilẹ̀kùn, Apá Kejì ló wà lókè, Apá Kẹta ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ìdí tí wọ́n kọ sí i ni pé ìtàn rẹ̀ kò lórí, kò nírù. Wọn kì í ṣí ilé náà lọ́jọ́ Àìkú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé mọ́, Apá Kẹta ti wà lókè téńté. Ṣọ́ọ̀kì ibẹ̀ rí rúkurùku, bí ìgbà tí àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ bá wọ́ kọjá lórí rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé: *Nítorí ibẹ̀ ni mo ti fò.*

"Jẹ́wọ́, ká lọ jẹun," ni Gúgúrú wí fún Arojọ́. Òun ló ń ta gúgúrú lẹ́nu ọ̀nà, ara rẹ̀ sì fi hàn pé kì í tà á tán. "Ìwọ nìkan ni ọlọ́wọ́ òsì níbí. Ọlọ́wọ́ òsì nìkan ló ń fọwọ́ ara ẹ̀ nu ohun tó kọ."

"Tó bá jẹ́ èmi ni, ṣé màá kọ pé mo fò?" ni Arojọ́ dá a lóhùn. "Níbo ni mo ti fò rí? Àtẹ̀gùn lásán, irin ni mo ń dì mú."

"O fò sínú irọ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá Ẹ̀rọ, àgbàlagbà tó ń bójú tó ẹ̀rọ sinimá, nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó na ìka sí ṣọ́ọ̀kì náà, ó tún fà á padà.

"Èmi ni mo tilẹ̀kùn," ni ó rọra wí. "Kọ́kọ́rọ́ ò kúrò lápò mi."

Ọ̀rọ̀ náà ì bá parí sí ẹ̀rín, àmọ́ máníjà ti sọ̀rọ̀ tirẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Apá Keje ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ̀rọ wọn kò sì láyè fún méje. Èyí tó bá wà nísàlẹ̀ pátákó ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni yóò pa rẹ́. Apá Kẹta kì í sì í ṣe ohun tí wọ́n lè tún rí. Iléeṣẹ́ tó ṣe é ti ń gba gbogbo ẹ̀dà rẹ̀ padà láti ọdún pípẹ́, láìsọ ìdí. Tiwọn ṣẹ́ kù nítorí pé kò sẹ́ni tó rántí ilé sinimá kékeré bíi tiwọn.

Arojọ́ fẹ́ràn Apá Kẹta ju gbogbo wọn lọ. Láti kékeré ló ti ń jókòó sórí àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn náà, tí ó ń dúró kí ìyá rẹ̀ gbálẹ̀ tán, ibẹ̀ ló sì ti mọ ìran kan nínú fíìmù náà: Ọmọ Ìjì bẹ́ láti orí ilé alájà mẹ́rìnlá, ó yí po lẹ́ẹ̀mẹta lófuurufú, ó na ọwọ́ òsì síwájú bí ẹni fẹ́ gba ọmọ mọ́ra. Ọkàn Arojọ́ a máa fò pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní kó wá sọ ìdí, ẹnu rẹ̀ a wọhò. Arojọ́ tó lè bá odi jiyàn títí odi yóò fi bẹ̀ ẹ́, kò rí ìdí kan kọ.

Wọ́n nu pátákó náà, wọ́n tún un tò. Láàárọ̀ Ọjọ́rú, Apá Kẹta tún ti wà lókè. *Ẹ jẹ́ kí orúkọ tán,* ni ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

Arojọ́ gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ lé ojú ibi tó rí rúkurùku náà. Ọwọ́ tó wọ́ ibẹ̀ tóbi ju tirẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìka ọmọńdinrín ọwọ́ náà tẹ̀ síta gẹ́lẹ́ bíi tirẹ̀. Pátákó náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí àga tí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀. Kò sá. Ó lọ pe ìyá rẹ̀.

Ìyá yìí ni olórí àwọn agbálẹ̀ níbẹ̀ láti ogún ọdún. Kì í fi àkókò ṣeré. Bí orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ fíìmù bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lójú sinimá, a tan iná, a gbé ìgbálẹ̀, nítorí èrò mìíràn ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá ṣì jókòó a gbọ́ "Gbé ẹsẹ̀." Kódà àga kejìlá ní ìlà kẹsàn-án, tí kò sẹ́ni lórí rẹ̀, náà ń gbọ́ ọ. Gbogbo àga yòókù ni sípíríǹgì ń gbé dìde tí ènìyàn bá ti kúrò, ṣùgbọ́n èyí kì í dìde. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti pààrọ̀ sípíríǹgì rẹ̀.

Ìyá wo pátákó náà. Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ta ló kọ ọ́?"

"Màámi, ojú yín ló ń sọ pé ẹ mọ̀ ọ́n."

"Bàbá rẹ ló máa ń fọwọ́ nu ohun tó bá kọ," ni ìyá wí, ohùn rẹ̀ ti wọlẹ̀. "Mo máa ń bá a jà lórí ẹ̀."

Iṣẹ́ fífò ni bàbá náà ṣe. Bí òṣèré tó lẹ́wà bá fẹ́ já bọ́ nínú fíìmù, òun ni yóò wọ aṣọ rẹ̀, tí yóò bá a já bọ́, kí ojú olówó-ńlá má baà bó. Arojọ́ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà tó lọ síbi iṣẹ́ kan tí kò dé mọ́. Iléeṣẹ́ kan náà tó ṣe Ọmọ Ìjì ló kọ lẹ́tà pé ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìdágbére, àwọn kò mọ ibi tó gbà lọ. Ìyá ka obìnrin mìíràn sínú lẹ́tà náà, ó gbà pé ọkọ òun ti bá ẹlòmíràn lọ.

"Ogún ọdún ni mo fi bú u," ni ó wí. "Kò sí èébú tí mi ò rán sí i."

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, kí èrò tó dé, Arojọ́ rọ máníjà títí ó fi gbà kí wọ́n wo Apá Kẹta lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwọn mẹ́rin jókòó sínú gbọ̀ngàn. Bàbá Ẹ̀rọ wà nínú yàrá rẹ̀ lókè. Gúgúrú fi ìtàn náà ṣe yẹ̀yẹ́ títí, ó ní ọ̀tá inú rẹ̀ gọ̀ ju àgùntàn lọ, máníjà pàápàá rẹ́rìn-ín. Ọmọ Ìjì bẹ́. Ọwọ́ òsì ló kọ́kọ́ nà. Ìyá di apá àga mú.

Nígbà tí orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ìyá dìde láti tan iná. Ó ti mọ́ ọn lára. Arojọ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Wọ́n ka orúkọ awakọ̀, orúkọ aláṣè, orúkọ ẹni tó ń bọ́ ajá inú fíìmù. Orúkọ bàbá rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn gòkè lọ, ojú sinimá sì dúdú kirikiri.

Nígbà náà ni wọ́n gbọ́ ọ. *Kẹ́rẹ́. Kẹ́rẹ́.* Ìró ṣọ́ọ̀kì ni. Ọ̀rọ̀ funfun ń jáde lórí òkùnkùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun kan sì ń wọ́ lórí rẹ̀, ó ń sọ ọ́ di rúkurùku bó ti ń jáde. Orúkọ bàbá rẹ̀ ni, láti orí èyí tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ dé orí oríkì tí ìyá nìkan fi ń pè é nínú yàrá. Lẹ́yìn náà:

*Èmi ni mo fò. Okùn já. Mi ò sá lọ.*

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí, Bàbá Ẹ̀rọ yọjú.

"Kí lẹ tún ń wò?" ni ó béèrè. "Mo ti pa ẹ̀rọ látìgbà tí orúkọ ti tán."

Ìyá ló kọ́kọ́ fọhùn. Ẹ̀rín ló jáde lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín ọmọge tí Arojọ́ kò gbọ́ rí, omijé sì ń bá a ṣàn. "Mo ní kó má lọ o. Ó ní ilẹ̀ mọ òun. Ọkọ mi ò sá. Ẹ gbọ́ ọ bí? Kò sá."

Arojọ́ dì mọ́ ọn, àwọn méjèèjì sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí a tú nídè.

Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, ọwọ́ òsì Arojọ́ kọ Apá Kẹta sókè. Orúkọ bàbá rẹ̀ ló kọ ní ìdí. Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn. Apá Kẹfà, ààyò Gúgúrú, ló bọ́ sísàlẹ̀.

"Òkú ló rẹ́ mi jẹ," ni Gúgúrú kùn. "Ta ni màá lọ fẹjọ́ sùn?"

Láti ìgbà náà, wọn kì í tan iná mọ́ nílé sinimá yẹn títí orúkọ agbálẹ̀ tó kẹ́yìn yóò fi gòkè. Arojọ́ sì kọ̀wé sí iléeṣẹ́ náà, ó ní kí wọ́n fi ibi tí wọ́n sin bàbá òun hàn òun. Wọn kò fèsì. Ó tún kọ òmíràn. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni yóò máa kọ ọ́. Wọn kò ṣèèṣì pè é ní Arojọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn, lẹ́yìn tí èrò lọ tán, ìyá gbálẹ̀ dé ìlà kẹsàn-án. Àga kejìlá wà nílẹ̀ bí ìṣe rẹ̀. Arojọ́ dúró sórí àtẹ̀gùn, ó ń wò ó. Ìyá kúnlẹ̀ díẹ̀, ó tún ọ̀já orí rẹ̀ ṣe.

"Ẹ gbé ẹsẹ̀, bàbá ọmọ mi."

Àga náà dìde jẹ́jẹ́, láìdún. Ìyá gbá abẹ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju ìyẹ̀fun ṣọ́ọ̀kì díẹ̀ lọ.

"Ó ti mọ́," ni ó wí. "Ẹ jókòó padà."

Àga náà sì wálẹ̀.