Ẹni Tó Dé Kẹ́yìn ní Ojú Afárá

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí afárá yìí yà níbí?"

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Balqees bá mi sọ nìyẹn. Ó kúnlẹ̀ lórí pákó, ó fi orúnkún tẹ ẹnu téèpù kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ, ó sì ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo kan ìṣó afárá náà.

"Ó yà báwo?"

"Ẹ wò ó. Láti ẹ̀bútẹ́ títí dé ilé ìjọsìn, ó tọ́ gbọọrọ. Ibí nìkan ló ti ṣẹ́ bí ìgbọ̀nwọ́. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ àfi omi. Kí ni wọ́n ń yẹ̀ fún?"

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà. Orí afárá yẹn ni mo ti kọ́ ìrìn, n kò sì bi ara mi léèrè rí. Obe Jọọlá ni ìlú wa, láàárín Mahintedo àti Zion Pepe. Orí òpó ni gbogbo ilé wa wà, afárá pákó kan ṣoṣo ló sì la ìlú já. Ojú Afárá là ń pè é. Ibẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù, ibẹ̀ ni ọjà, ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń já èrò. Ìmọ̀ ìṣirò ni mo kà ní yunifásítì. Àlọ́ tó bá le kì í jẹ́ kí n jẹun. Obìnrin tó dé láti Ìṣẹ́yìn níjẹta ló wá rí èyí tí mo ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́.

Mo wo omi náà. Ara mi gbóná. Ibẹ̀ gan-an ni àgọ́ tí ìyá mi ti ń yan ẹja wà tẹ́lẹ̀.

Ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, Bàbá Olówòkéré, tó ń ta bẹntiróòlù fún àwọn ọlọ́kọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ wa, ni alága ìgbìmọ̀ Ojú Afárá. Ó mú òfin kan wá: iná kò gbọdọ̀ wà ní àádọ́ta ìṣísẹ̀ sí bẹntiróòlù, ẹni tó bá dé kẹ́yìn nínú àwọn méjèèjì ni yóò kó kúrò. Òfin náà dára. Irọ́ ló fi tì í lẹ́yìn. Ó búra níwájú ìlú pé òun ti ń ta epo kí Rhoda, ìyá mi, tó dá iná. Ìyá mi kò ní ìwé, opó sì ni. Wọ́n tú àgọ́ rẹ̀ palẹ̀ lójú mi. Láti ìgbà náà ló ti ń yan ẹja ṣawá lẹ́yìn ìlú, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í kọjá àfi pẹ́pẹ́yẹ.

Nísinsìnyí ìjọba ìbílẹ̀ ti rán Balqees wá láti pín Ojú Afárá àti òdìkejì omi sí ìpín mẹ́ta, kí ó kọ ohun tí a lè tà ní ìpín kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Ibi tí òǹtẹ̀ bá bá kálukú, ibẹ̀ ni yóò wà.

Bí wọ́n bá yẹ afárá fún àgọ́ ìyá mi, á jẹ́ pé àgọ́ náà ti wà kí afárá tó dé. Ilé epo Olówòkéré ńkọ́? Orí òpó afárá gan-an ló jókòó lé. Bí afárá kò bá tíì sí, kò lè sí. Ẹni tó dé kẹ́yìn ni!

"Kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín?" Balqees bi mí.

"Ẹ̀yin ni. Ẹ jẹ́ kí n bá yín di téèpù yìí mú."

Bẹ́ẹ̀ ni ìfẹ́ àti ẹ̀san ṣe wọ ọkọ̀ kan náà wá bá mi.

Oṣù méjì gbáko ni mo fi bá a di téèpù mú. Mo kọ́ ọ bí a ṣe ń fi ẹsẹ̀ dán pákó wò kí a tó tẹ̀ ẹ́. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń ka máàpù. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ jẹ púpurú, òkèlè gbágùúdá ilẹ̀ wa, ó gbé e mì bí ẹni gbé oògùn mì.

"Ṣé ó dùn?" mo bi í.

"Ó ń lẹ̀ mọ́ mi bí ìwọ."

Ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀ láìfi "ẹ" sí i. Inú mi dùn débi pé n kò lè sùn.

Bàbá rẹ̀ gbọ́ pé a fẹ́ fẹ́ ara wa, ó pè é lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ le débi pé mo gbọ́ ọ kedere láti ìdí ọkọ̀.

"Balqees, ṣé lóòótọ́ ni pé ọkọ̀ ni wọ́n ń wọ̀ lọ kí aládùúgbò wọn níbẹ̀? Ibo ni mo máa so ẹṣin mi mọ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó?"

"Bàbá, ẹ ò ní ẹṣin."

"Tí mo bá fẹ́ rà ńkọ́?"

Ìyá mi náà kò kọ́kọ́ gbà. "Ọma mi, ará òkè ni. Bí òjò bá rọ̀ fún ọjọ́ méjì, ẹkún ni yóò sun délé." Ṣùgbọ́n ó dé ọjọ́ kan, Balqees jókòó ti iná, ó ń fi ọwọ́ lásán yí ẹja padà, omi ń dà lójú rẹ̀, kò sì dìde. Ìyá mi fún un ní èyí tó tóbi jù. "Ó mọ ẹja yí," ó ní. Ọ̀rọ̀ parí.

Èmi ní tèmi, mo lọ bá Pa Akínbọ̀dé, káfíńtà tó kan Ojú Afárá.

"Àgọ́ Rhoda la yẹ̀ fún," bàbá náà wí. "Èéfín rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ mi lójú bí mo ṣe ń kan ìṣó. Èkó ni mo wà lọ́jọ́ tí wọ́n lé e. Ìgbà tí mo dé, kò sẹ́ni tó bi mí."

"Ẹ ó wí bẹ́ẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀?"

"Níwájú Ọlọ́run pàápàá."

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ fún Balqees bí ẹni gbé ẹrù ìdáná lọ fún àna. Ó tẹ́tí sílẹ̀ títí mo fi parí.

"Ó yé mi, ọ̀wọ́n mi. Ìyá wa yóò padà sí àyè wọn. Olówòkéré yóò sún ní àádọ́ta ìṣísẹ̀."

"Àádọ́ta péré? Ẹ̀yìn ìlú ni wọ́n lé ìyá mi lọ! Fi òun náà sí Ìpín Kẹta, ní òdìkejì omi."

Ẹrẹ̀ ni òdìkejì omi. Kò sí afárá, kò sí ilé. Balqees súnmọ́ mi.

"Má jẹ́ kí èyí jáde lẹ́nu rẹ o. Nínú ìwé tí mo kọ́kọ́ kọ, Ìpín Kẹta ni mo fi bẹntiróòlù sí. Bàbá náà wá bá mi ní ọ́fíìsì. Ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú hàn mí. Ó kúnlẹ̀, Kọ́lájọ. Àgbàlagbà kúnlẹ̀ níwájú mi. Mo yí i padà. Kò fún mi ní nǹkan kan, n kò sì bèèrè. Ìdájọ́ ni wọ́n ní kí n wá kọ níbí, wọn ò ní kí n wá gbẹ̀san. Ṣé àádọ́ta tó?"

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ó tó, ìfẹ́ mi."

Irọ́ ni mo pa.

Lọ́jọ́ ìpàdé, gbogbo ìlú kún ilé ìgbìmọ̀ títí dé orí afárá. Mo sọ̀rọ̀ ibi tí afárá ti yà. Pa Akínbọ̀dé jẹ́rìí. Ariwo sọ. Olówòkéré dìde lórí ọ̀pá rẹ̀.

"Mo jẹ̀bi," ó ní. "Rhoda, foríjì mí. Màá sún ní àádọ́ta ìṣísẹ̀."

Ìyá mi mi orí pé òun gbà. Ó ti parí lọ́dọ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti jókòó. Ṣùgbọ́n mo rí Olówòkéré tó fi fìlà nu òógùn ojú, tó sì mí kanlẹ̀ bí ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ ẹkùn. Ojú mi ṣókùnkùn.

"Ẹ bi ìyáàfin bóyá àádọ́ta ìṣísẹ̀ ló kọ́kọ́ kọ!" mo pariwo. "Ìpín Kẹta ló kọ! Bàbá yìí lọ bá a ní kọ̀rọ̀, ló fi yí i padà!"

"Hàà!"

"Ìyáàfin Ìṣẹ́yìn ti mu bẹntiróòlù!" ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn, gbogbo ilé sì bú sẹ́rìn-ín.

Balqees ṣí ìwé rẹ̀. Ó fa ìlà pa ohun tó kọ, ó kọ Ìpín Kẹta, ó buwọ́ lù ú. Ìgbà tó parí ló wò mí, ojú kan péré.

N kò ní parọ́: ẹ̀san náà dùn mọ́ mi ju oyin lọ. Mo jókòó sí Ojú Afárá, mo wo bí wọ́n ṣe ń fi ọkọ̀ kó àwọn kẹ́ẹ̀gì Olówòkéré kọjá, mo sì wo bí ẹsẹ̀ wíwú yẹn ṣe ń rì sínú ẹrẹ̀. Mo tún àgọ́ ìyá mi kọ́ síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Balqees kò gbé fóònù mi mọ́. Mo ní inú rẹ̀ yóò rọ̀.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Oríòkè-Ìwàmímọ́ kò yà sọ́dọ̀ wa mọ́. Ibi tí epo bá wà ni ọkọ̀ ń dúró, ibi tí ọkọ̀ bá sì dúró ni ebi ti ń pa èrò. Gbogbo ìṣirò tí mo ṣe, n kò fi ìyẹn kún un. Ẹja ìyá mi wà lórí iná títí ó fi le bí igi. Àwọn ọlọ́jà yòókù ń gbé ọjà wọn lọ sí òdìkejì lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan mo bá a tó ń kó agbọ̀n sínú ọkọ̀.

"Ìyá, ibo lẹ̀ ń lọ?"

"Òdìkejì."

"Ọ̀dọ̀ ọ̀tá wa?"

"Ọ̀tá tìrẹ. Ó ti bẹ̀ mí, mo ti gbà. Ta ló ní kí o lé e kọjá omi? Ṣé èmi ni mo rán ọ?" Ó gbé àjẹ̀. "O sì fi ọmọlọ́mọ ṣe é."

Lọ́jọ́ Jímọ̀ ni ìwé dé pé kí Balqees padà sí olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ wá ṣàlàyé ara rẹ̀. Mo bá a ní ẹ̀bútẹ́ pẹ̀lú àpótí rẹ̀.

"Màá bá ọ lọ," mo ní. "Màá sọ fún ọ̀gá yín pé irọ́ ni mo pa."

"Irọ́ kọ́. Òtítọ́ tí mo fi sí ọ lọ́wọ́ ni."

"Balqees, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Dárí jì mí."

"Mo ti dárí jì ọ́. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ náà, ìyẹn ni kò jẹ́ kí n lè jẹun." Ó fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. "Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí èmi náà bá ṣẹ̀ ọ́, Kọ́lájọ, ibo ni wàá lé mi dé?"

Ó gbé àpótí rẹ̀. Ó wọ ọkọ̀.

Ọkọ̀ náà kò lọ tààrà. Ó sọdá sí òdìkejì, ó dúró kí wọ́n rọ epo sí i. Mo ń wò wọ́n. Balqees sọ̀ kalẹ̀. Ìyá mi dìde nídìí agbọ̀n, ó gbá a mọ́ra, ó ń nu ojú rẹ̀ fún un. Olówòkéré fi ọ̀pá rẹ̀ tilẹ̀, ó gbé àga kan jáde fún un. Ó pẹ́ tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. N kò gbọ́ nǹkan kan. Mo pe orúkọ rẹ̀, mo tún un pè, omi gbé ohùn mi lọ.

Lẹ́yìn náà ni Olówòkéré rí mi. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣí fìlà, ó kí mi bí ẹni kí onílẹ̀. Ní gbogbo Ojú Afárá, láti ẹ̀bútẹ́ dé ilé ìjọsìn, kò sí ẹlòmíràn tí ó lè máa kí.