Òjò Tí A Fi Ẹsẹ̀ Rìn

Ọjọ́ tí Cyril kọ́kọ́ rí Hilda, Hilda ń bú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù bí ẹni ń bú ọkọ tó ń yan àlè. Ọdún 1943 ni, ní pápá bàlúù kan lẹ́yìn ìlú Lincoln. Iṣẹ́ Hilda ni láti fi ọkọ̀ gbé àwa ọmọ ogun dé ìdí bàlúù tí a fi ń lọ ju bọ́ǹbù sí Jámánì. Àwa méje la wà nínú tiwa. Denholm ló ń wà á, òun sì ni ọ̀gá wa. Èmi ni mò ń wo máàpù. Cyril ló ń jókòó ti ìbọn ní ìrù bàlúù, níbi tí ikú ti máa ń kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn.

"Arábìnrin, ẹ rọra bú u, ó ń gbọ́," ni Cyril wí.

"Bó bá ń gbọ́, ì bá ti dáhùn. Ìwọ tó o gbọ́, wọlé, jàre!"

Láti ọjọ́ náà, Cyril kò jẹ ṣokoléètì tí wọ́n ń pín fún wa mọ́. Ẹ̀gbẹ́ ìjókòó Hilda ló ń gbé e sí.

"Bá mi tọ́jú ẹ̀, olólùfẹ́ mi. Màá padà wá jẹ ẹ́."

"Tó o bá pẹ́, màá ti jẹ ẹ́ tán," ni Hilda á wí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á sì pọ́n fún ìtìjú.

Ṣùgbọ́n ọkùnrin méjì ti bá Hilda ṣọ̀rẹ́ ṣáájú Cyril, àwọn méjèèjì kò sì padà láti Jámánì. Ìyẹn ti tó ẹ̀rí ní pápá wa. Àwa ọ̀mọ̀wé tí a lè fi ìràwọ̀ mọ̀nà, a kì í gbéra láìkọ́kọ́ tọ̀ sí táyà bàlúù kí orí lè bá wa ṣe é. A pe Hilda ní ẹlẹ́sẹ̀ burúkú. Ìdajì àwọn ẹgbẹ́ wa ló ń kú, àtẹni tó lọ́rẹ̀ẹ́bìnrin, àtẹni tí kò ní. Kò sẹ́ni tó ronú sí ìyẹn.

"Cyril, mú ọ̀kan," ni Denholm wí. "Òun tàbí àwa."

Kò sí ìyá ọkọ tó le tó ẹlẹgbẹ́ ogun.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, òjò ń rọ̀. Hilda ṣílẹ̀kùn ọkọ̀. Denholm gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ìdí bàlúù, àwa yòókù tẹ̀ lé e. Cyril dúró, ó wo bàtà rẹ̀, ó sì tẹ̀ lé wa.

"Cyril! Ìwọ náà?"

Kò wẹ̀yìn. A padà láàyè, ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti bàjẹ́, nítorí Denholm ka ìyẹn sí ẹ̀rí. Kò sẹ́ni tó wọ ọkọ̀ Hilda mọ́. Wọ́n gbé e lọ sílé ìdáná, kó máa bó ànàmọ́ títí ogun fi parí.

Lẹ́yìn ogun, Cyril di apínlẹ́tà, kò sì fẹ́ ẹnikẹ́ni. Lọ́dọọdún tí a bá pàdé, tàwa ti àmì ẹ̀yẹ tí a fọ̀ bí ìkòkò ọbẹ̀, Denholm á sọ ìtàn Hilda, a ó rẹ́rìn-ín. Cyril náà á rẹ́rìn-ín, ẹnu lásán.

Ní 1984, àwa mẹ́ta ló kù. Wọ́n fẹ́ ṣí òkúta ìrántí ní pápá àtijọ́, a sì háyà ọkọ̀ ní ibùdó rélùwéè. Kò sẹ́ni tó wo ojú ìyá arúgbó tó ń wà wá. Ẹni tó gbé àmì ẹ̀yẹ sáyà kì í wo ojú dírẹ́bà. Denholm bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀.

"...la bá fi ẹsẹ̀ rìn kúrò lọ́dọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ burúkú!"

Ọkọ̀ dúró gbì.

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀."

"Ìyáàfin, òjò mà ń rọ̀," ni Denholm wí.

"Ó rọ̀ lọ́jọ́ yẹn náà! Ẹ̀yin àgbààyà! Ogójì ọdún lẹ ti ń fi orúkọ mi jẹun!"

Denholm sọ̀, èmi náà sọ̀. "Cyril, ó yá," ni ọ̀gá wa wí.

Cyril kò mira. "Hilda ò pa ẹnikẹ́ni, Ọ̀gá. Ojo ni wá. Èmi ni olórí ojo."

"Ta ló ní kó o jókòó?" ni Hilda wí, kò wẹ̀yìn. "Sọ̀ kalẹ̀! Ìwọ gan-an ni mò ń bá wí."

Cyril sọ̀. Èmi àti Denholm ń lọ níwájú, òun ń bọ̀ lẹ́yìn. Hilda ṣí fèrèsé, ó ń wa ọkọ̀ bí ìgbín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń bú u.

"O ò tiẹ̀ kọ lẹ́tà kan! Apínlẹ́tà!"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ṣé o fẹ́yàwó?"

"Rárá."

"Ọ̀dẹ̀!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Hilda."

Nígbà tó ku díẹ̀ kí a dé ẹnu géètì, tí àlùfáà àti gbogbo èrò ti ń wò wá bọ̀, ọkọ̀ dúró. Ilẹ̀kùn iwájú ṣí.

"Wọlé, kí gbogbo wọn rí ẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kọ́kọ́ nu bàtà ẹ."

Cyril nu bàtà rẹ̀ dáadáa, ọ̀tún àti òsì, ó sì wọlé. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá. Ẹrẹ̀ ta sí gbogbo àmì ẹ̀yẹ tó wà láyà Denholm.