Kólòbó Bàbá Ẹja

Kólòbó kan péré ni Abdulbaqi wá rà ní Láfẹ́nwá lọ́jọ́ náà, àmọ́ ó pẹ́ nídìí ọjà bí ẹni tó fẹ́ kó gbogbo ìsọ̀. Ó gbé èyí, ó yọjú wo inú ẹ̀, ó gbé e sílẹ̀. Ó gbé òmíràn, ó gbóòórùn ẹ̀.

Lubabah, ọmọ Àfúsá oníkòkò, ló wà nídìí igbá. Ó wò ó títí, sùúrù rẹ̀ tán.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé àgbo lẹ fẹ́ sè ni, àbí ẹ fẹ́ gbé ìkòkò níyàwó?"

"Ẹja ni mo fẹ́ fi sínú ẹ̀."

"Ẹja? Nínú kólòbó tí ọwọ́ mi ò lè wọ̀? Báwo lẹ ṣe máa rò ó?"

"Mi ò ní sè é. Inú ẹ̀ ló máa gbé."

Lubabah rẹ́rìn-ín débi pé oníyọ̀ tó wà ní ìsọ̀ kejì na ọrùn wò wọ́n. Abdulbaqi ò bínú. Ó yọ fóònù, ó fi ẹja kan hàn án: ẹja kékeré, awọ rẹ̀ rí bí igi tó ti jẹrà, ẹ̀gún rírọ̀ sì hù yí imú rẹ̀ ká bí irùngbọ̀n.

"Pùlẹ́ko là ń pè é. Ìdọ̀tí tó ń lẹ̀ mọ́ ara gíláàsì ló ń lá jẹ. Akọ ló nírùngbọ̀n, òun náà ló ń tọ́jú ẹyin. Ó máa wọnú ihò, kò ní jáde mọ́, á máa fi lẹbẹ fẹ́ atẹ́gùn sí ẹyin yẹn títí wọ́n á fi pa."

"Ìyá wọn ńkọ́?"

"Ìyẹn ti bá tiẹ̀ lọ."

"Áà! Irú ọkọ tí mò ń wá nìyẹn."

Ó fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni o. Àmọ́ ojú tí Abdulbaqi fi wò ó, kì í ṣe ojú ẹni tí wọ́n ń bá ṣe yẹ̀yẹ́. Lubabah fún un ní kólòbó náà lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí ìyá rẹ̀ bi í léèrè, ó ní ó fọ́ ni.

Èkó ni Abdulbaqi ti ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, ó sì ń gbé ní Ìtori, níbi tó ti ń sin ẹja tà. Láti ọjọ́ náà, kò sí Sátidé tí ọ̀nà rẹ̀ ò gba Láfẹ́nwá kọjá, bó bá tiẹ̀ jẹ́ pé kò níbì kankan tó ń lọ. Ó bi Lubabah ní oríkì rẹ̀, ó gbọ́ pé Àbẹ̀kẹ́ ni, kò sì pè é ní Lubabah mọ́. Lubabah ń pe òun náà ní Bàbá Ẹja. Ìfẹ́ wọlé sí wọn lára, wọn ò sì fi pa mọ́. Ọmọ ìlú kan náà ni wọ́n, ẹ̀sìn kan náà ni wọ́n ń ṣe, ẹbí méjèèjì sì gbà. Wọ́n ní bí ààwẹ̀ bá ti tán, kí wọ́n so yìgì.

Abdulbaqi ti sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé AS lòun. Lubabah ní òun ò mọ̀ ju AA lọ, nítorí ohun tí ìyá rẹ̀ sọ fún un láti kékeré nìyẹn. Kò ṣe àyẹ̀wò kankan. Ẹni tó rí ọkọ tó wù ú kì í sábà yẹ ẹnu ìyá rẹ̀ wò.

Ohun kan sì wà nílé Àfúsá tí gbogbo àdúgbò mọ̀, tí gbogbo àdúgbò jọ ń pa mọ́. Àsíátù, ẹ̀gbọ́n Lubabah, fòníkú-fọ̀ladìde ló ń bá a jà láti ìgbà tó ti ń rá. Bí àlejò bá béèrè, wọ́n á ní làkúrègbé ni. Wọn kì í sọ irú àìsàn bẹ́ẹ̀ síta nígbà tí ọmọbìnrin mìíràn ṣì wà nílé tí kò tíì lọ́kọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó pè é ní irọ́.

Nígbà tí ẹyin pa nínú kólòbó, Abdulbaqi ní kí Lubabah wá wò ó. Àsíátù sìn ín lọ sí Ìtori, kí ayé má bàa rí i pé ó dá wọlé ọkùnrin. Ara Àsíátù yá lọ́jọ́ náà. Ó bẹ̀rẹ̀ síwájú àpótí gíláàsì tí àwọn ẹja ń gbé, ó ń wo àwọn ọmọ ẹja wẹ́wẹ́ tó lẹ̀ mọ́ igi tó wà nínú omi.

Ó ní, "Àbúrò mi, àwọn kan funfun. Ojú wọn pọ́n. Ta ló bí ìwọ̀nyí?"

"Àwọn òbí kan náà ni, Sista," ni Abdulbaqi dáhùn. Inú rẹ̀ dùn pé ẹnì kan béèrè nípa ẹja òun. "Ó ya èmi náà lẹ́nu. Bàbá dúdú, ìyá dúdú. Àmọ́ àwọn méjèèjì ló gbé àfín pa mọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Kò lè hàn lára wọn. Ìgbà tí àwọn méjì tó gbé e bá pàdé ló máa ń jáde lára ọmọ. Gbogbo ọmọ kọ́ o, àwọn kan ni."

"Àwọn kan," ni Àsíátù wí.

"Ẹ má dààmú. Àwọn funfun gan-an ni àwọn oníbàárà máa ń fẹ́."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Nínú mọ́tò tí wọ́n wọ̀ padà, Àsíátù yíjú sí Lubabah.

"Ara Bàbá wa le. Ara Mọ́mì le. Èmi ni wọ́n bí. O gbọ́ nǹkan tí ọkọ rẹ wí àbí o ò gbọ́?"

Lubabah gbọ́. Ní ọ̀sẹ̀ náà ló lọ gba àyẹ̀wò. Nọ́ọ̀sì tó pè é wọlé wí i fún un jẹ́jẹ́, AS ni.

Ó lọ bá ìyá rẹ̀. Àfúsá ń to àmù lórí ara wọn, kò tiẹ̀ gbójú sókè.

"Pa ẹnu rẹ dé. Ìwọ kọ́ ni àkọ́kọ́. Èmi náà ò mọ̀ kí n tó fẹ́ bàbá yín, mo ṣe bí ẹ wà láyé lónìí. Ọlọ́run á ṣàánú."

Inú yàrá ni Àsíátù ti dáhùn. "Mọ́mì, èmi ni àánú yẹn. Ẹ bi mí bó ṣe rí. Kò sẹ́ni tó bi mí rí nínú ilé yìí."

Àmù já bọ́ lọ́wọ́ Àfúsá. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa àfọ́kù rẹ̀.

Lubabah sọ fún Abdulbaqi pé AS lòun náà, ó ń sunkún, àmọ́ kò mẹ́nu kan àìsàn Àsíátù. Ọkùnrin náà gbá a mọ́ra, ó ní kò sí nǹkan kan. Ó ní àwọn á máa gbàdúrà. Ó ní ìṣègùn ti yàtọ̀ sí tàtijọ́, gbogbo ọmọ kọ́, àwọn kan ni. "Àbẹ̀kẹ́ mi, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ ju kí n jẹ́ kí lẹ́tà méjì yà wá lọ."

"Bàbá Ẹja, ẹ ò mọ̀ ọ́n. Kò sí nínú ilé yín."

"Mo mọ̀ ọ́n."

Ààwẹ̀ kù díẹ̀ kó parí nígbà tí ìrora kọlu Àsíátù. Lubabah ránṣẹ́ pe Abdulbaqi wá sí ọsibítù. Ó mọ̀ọ́mọ̀ pè é ni. Iná ti lọ ní wọ́ọ̀dù, ooru mú. Àsíátù ká jọ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń ké bí ẹni tí wọ́n ń ṣẹ́ egungun rẹ̀. Ó ń bẹ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun kú.

Abdulbaqi dúró sẹ́nu ọ̀nà, fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. "Mọ́mì, ẹ pẹ̀lẹ́. Kí ló ń ṣe wọ́n gan-an?"

Àfúsá la ẹnu. "Làkú..."

"Mọ́mì!" Àsíátù ló pariwo.

Àfúsá wolẹ̀. "Fòníkú-fọ̀ladìde ni, ọmọ mi. Ẹ dárí jì mí. Fòníkú-fọ̀ladìde ni."

Abdulbaqi fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ó mú abẹ̀bẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́ ẹ sí Àsíátù lára. Ó ń fẹ́ ẹ lọ, kò sinmi, kò jáde lọ ṣínu. Ọwọ́ ń dùn ún, ó pààrọ̀ ọwọ́. Gbogbo ìgbà tí Àsíátù bá ké, ojú Abdulbaqi á yí padà. Nígbà tí abẹ́rẹ́ gbé obìnrin náà sùn, ó rọra gbé abẹ̀bẹ̀ sórí àga, ó sì jáde. Lubabah tẹ̀ lé e dé géètì.

"Àbẹ̀kẹ́."

"Mò ń gbọ́."

"Mo ní mo mọ̀ ọ́n."

"Mo mọ̀ pé ẹ rò bẹ́ẹ̀."

Wọ́n dúró síbẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà ń pè wọ́n. Ìfẹ́ wọn ò dín kù, ohun tó burú níbẹ̀ nìyẹn. Ká ní ó dín kù ni, ì bá rọrùn.

"Mo máa dá kólòbó yín padà," ni Abdulbaqi wí nígbẹ̀yìn.

"Rárá. Bàbá wọn ṣì ń gbé inú ẹ̀."

"Mo ti fi gíláàsì sáàárín òun àti ìyá wọn, kí wọ́n má bàa bímọ mọ́. Wọ́n ṣì ń rí ara wọn."

Lubabah nu ojú rẹ̀. "Ẹ gbé ìyá wọn lọ sí àpótí mìíràn, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa rí ara wọn."

Ó yé e. Ó mi orí, ó dé fìlà rẹ̀, ó sì lọ. Láti Sátidé tó tẹ̀ lé e, ọ̀nà rẹ̀ ò gba Láfẹ́nwá mọ́.

Lubabah padà sí wọ́ọ̀dù. Iná ò tíì dé. Abẹ̀bẹ̀ ṣì wà lórí àga níbi tí Abdulbaqi gbé e sí. Ó mú un, ó jókòó, ó sì ń fẹ́ ẹ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lára.