Iná Tó Ń Tàn Níwájú Àga Bàbá

Ojú obìnrin kan ni káfíńtà kọ́kọ́ rí nínú tẹlifíṣọ̀n tó ti kú. Lórí òkìtì pàǹtí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún rédíò ṣe ni tẹlifíṣọ̀n náà wà. Kò ní gíláàsì, kò ní wáyà, síbẹ̀ ojú náà ń wò ó, kò ṣẹ́jú. Pákó tí ọkùnrin náà wá ṣà jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di iwájú ẹ̀ mú," ni ojú náà wí. "Nǹkan kan há sẹ́yìn níbí."

Káfíńtà mí kanlẹ̀. "Mo rò pé òkú ló ń wò mí."

"Òkú wo lẹ rí tó ń bẹni pé kó bá òun di nǹkan mú?"

Nọ́ọ̀sì ni obìnrin tó kúnlẹ̀ sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n náà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, aṣọ funfun rẹ̀ sì ti dọ̀tí lórúnkún. Ìdíje kan ló gbé e débẹ̀: kí èèyàn fi àlòkù ẹ̀rọ kọ́ ohun tó wúlò, kó má fi nǹkan tuntun kankan kún un. Káfíńtà ò mọ̀ nípa wáyà, ṣùgbọ́n ó mọ igi. Ká má purọ́, ọkàn rẹ̀ ti lọ sọ́dọ̀ obìnrin náà kó tó gbé pákó rẹ̀ nílẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti pinnu láti jọ díje.

Wọ́n wá ń ronú ohun tí wọ́n máa ṣe. Aago tó máa ké bí ìkòkò bá fẹ́ hó dànù ńkọ́? Nọ́ọ̀sì ní ìyá òun kì í gbọ́ ti aago. Fáànù kékeré láti inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó bàjẹ́ ńkọ́? Káfíńtà ní ìyẹn ò lè gbé eṣinṣin nílẹ̀.

"Ìwọ náà mú tìẹ wá," ni nọ́ọ̀sì wí. "Àbí kí o máa wò mí nìkan lèrò tìẹ?"

"Ká ṣe iná tó máa tàn bí èèyàn bá ti wọlé. Bí inú mi ṣe ń tàn tí o bá dé."

"Ẹnu ẹ mú ju ayùn ẹ lọ," ni nọ́ọ̀sì wí, àmọ́ ó rẹ́rìn-ín. Ó rántí àwọn arúgbó tó máa ń dìde nínú òkùnkùn tí wọ́n sì ń ṣubú.

Nínú ẹ̀rọ tó ń ké bí olè bá wọlé, tí ṣọ́ọ̀bù kan jù nù, ni wọ́n ti yọ ojú kékeré kan, èyí tó máa ń mọ̀ bí ooru ara bá ń kọjá. Káfíńtà fi dúrọ́ọ̀ tó fọ́ ṣe àpótí rẹ̀.

Ilé ìyá nọ́ọ̀sì, níbi tí òun náà ń gbé, ni wọ́n ti dán an wò. Aránṣọ ni ìyá náà. Àwọn aṣọ tó gbé kọ́ sára ògiri dúró bí èèyàn tí kò lórí, àga ọkọ rẹ̀ tó kú lọ́dún tó kọjá sì wà ní igun. Kò sẹ́ni tó ń jókòó síbẹ̀. Wọ́n kọjú iná sí igun náà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá dúró jẹ́ẹ́ lẹ́nu ọ̀nà.

Iná tàn. Ó kú. Ó tún tàn.

Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ìyá. "Bàbá ẹ ni," ló wí jẹ́jẹ́.

Láti ọjọ́ náà, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, iná á tàn níwájú àga. Ìyá á yíjú síbẹ̀, á ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ọkọ mi." Irun orí nọ́ọ̀sì á dìde. Nígbà tí káfíńtà wá sọ fún ìyá pé òun fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ ṣaya, ìyá nawọ́ sí igun.

"Bàbá ẹ̀ ò tíì gbà kó lọ. Ṣé ẹ ò rí i bó ṣe ń wá ni? Iná yẹn náà ò ní jáde níbí."

Nígbà tí ìdíje ku ọ̀la, nọ́ọ̀sì dúró síta, ó ní kí káfíńtà wọlé lọ gbé iná wá. Ìyá wà ní ilé ìdáná. Káfíńtà rọra sún mọ́ ibi tí iná ti ń tàn tó ń kú. Ṣùgbọ́n kò sí káfíńtà tó máa rí àga tí kò ní fọwọ́ kàn án. Ó fọwọ́ kan ìjókòó rẹ̀. Ó gbóná.

Ó gbé aṣọ tó bo àga náà sókè. Áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ ló wà lábẹ́ rẹ̀, ó gbóná janjan, fáànù kékeré kan sì ń fẹ́ aṣọ síwá sẹ́yìn níwájú rẹ̀. Ooru yìí ni iná ń rí bí ẹni pé èèyàn ló ń kọjá. Nígbà tó gbójú sókè, ìyá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Kò rí ìkà lójú ìyá náà, ẹ̀rù ló rí, ẹ̀rù ẹni tí wọ́n fẹ́ fi sílẹ̀ nínú ilé tó ṣófo. Ó da aṣọ bò ó padà.

"Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀, mà." Ó tẹríba fún àga. "Bàbá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́."

Níta, nọ́ọ̀sì bi í pé, "Iná dà?"

"Mo fi sílẹ̀."

"Òkú lé ọ jáde! Ẹni tí ò lè gba iná lọ́wọ́ ìyá mi, báwo ló ṣe máa gba èmi?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ eegun. Ó fẹ́ sọ ohun tó rí. Ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́, ṣé ìyá àti ọmọ á tún lè wojú ara wọn? Ó gbé e mì, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Wọ́n ṣe ìdíje láìsí wọn. Nọ́ọ̀sì ò kọrin nílé mọ́, oúnjẹ ò sì lọ lẹ́nu rẹ̀. Ìyá wò ó títí, ara rẹ̀ ò gbà á mọ́. Ó ránṣẹ́ pe káfíńtà, ó fa áyọ́ọ̀nù jáde lábẹ́ àga lójú àwọn méjèèjì.

"Èmi ni mò ń gbé e síbẹ̀," ló wí. "Ilé tó dákẹ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Mo ní bí bàbá ẹ bá ń wá, o ò ní lọ. Ọkùnrin yìí rí i, ó bo àṣírí mi. Mo gbọ́ bí o ṣe bú u lójú fèrèsé, síbẹ̀ kò tú mi fó."

Nọ́ọ̀sì bú sẹ́kún. "O mọ̀, o jẹ́ kí n bú ẹ?"

"Èébú ẹ náà máa ń dùn létí mi." Ó yíjú sí ìyá. "Ilé mi ò jìnnà, mà. Bí ẹ bá sín, a ó gbọ́."

Ìyá rẹ́rìn-ín, ó wá gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. "Ó ku ohun kan. Lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ dán an wò ni mo tó dá ọgbọ́n yìí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn, áyọ́ọ̀nù ò sí nílé. Aládùúgbò ló yá a."

Kò sẹ́ni tó wo igun. Ọwọ́ nọ́ọ̀sì wá ọwọ́ káfíńtà kiri, ó sì rí i.

"Ṣé ẹ̀rù ò bà ọ́ láti fẹ́yàwó nílé yìí?" ni ìyá bi í.

"Ó ń bà mí gan-an, mà." Káfíńtà dọ̀bálẹ̀ níwájú àga tó ṣófo náà. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo wá tọrọ ọmọ yín."

Wọ́n ń retí kí bàbá dáhùn. Wọ́n dúró títí.

Nọ́ọ̀sì ló fà á dìde. "Èmi tí mo wà láàyè ni kí o bi," ló wí. "Mo gbà."