Ẹni Tó Ń Retí Ìpè

Èrò kún yàrá ìdúró dọ́kítà iṣẹ́ abẹ bámúbámú. Àwọn kan wà lórí ìdúró, àwọn kan fara ti ògiri, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni ò jókòó sórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin kan ní kọ̀rọ̀. Ìyá Aránṣọ ò wádìí. Ta ni kókó wà nítan rẹ̀ tí yóò tún máa ṣa àga? Ó jókòó.

Ibẹ̀ tutù rinrin. Ó wo àyà ọkùnrin náà, kò rí i kó lọ sókè, kò rí i kó wálẹ̀.

"Itan ni, àbí?" Ohùn ọkùnrin náà rọlẹ̀.

"Itan ni, bùrọ̀dá. Wọ́n ní ọ̀rá lásán ni. Wọ́n fẹ́ gé e lónìí."

"Ohun tí wọ́n sọ fún èmi náà nìyẹn. Màmá, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Tí wọ́n bá gé irú tèmi láìmọ ohun tó jẹ́, ṣe ló máa ń fọ́n ká."

Nígbà tí wọ́n pè é wọlé, ó sọ bẹ́ẹ̀. Ọkọ rẹ̀ tó sìn ín wá kanra mọ́ ọn: "Ìgbà wo lo di dọ́kítà?" Dọ́kítà náà rẹ́rìn-ín: "Màmá, tí mo bá ń yẹ gbogbo kókó wò, ìgbà wo ni n ó délé?"

"Ẹ̀mí mi ni, dọ́kítà. Ẹ̀rù ń bà mí." Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ní kó dùbúlẹ̀ sí, ó fẹ́ máa lọ. Kí ọ̀rọ̀ má bàa di ariwo, wọ́n gbà fún un.

Èsì àyẹ̀wò dé. Kì í ṣe ọ̀rá. Jẹjẹrẹ ni, irú èyí tí dọ́kítà mìíràn yóò ṣiṣẹ́ títí tí yóò fi fẹ̀yìn tì tí kò ní rí ẹyọ kan. Dọ́kítà pe àwọn tó mọ̀ nípa irú rẹ̀ níbòmíràn lórí fóònù. Wọ́n ní kó kọ́kọ́ fi oògùn mú kó sún kì, kó tó gé e tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ méjèèjì ni Ìyá Aránṣọ fi ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ báyìí.

Lọ́jọ́ tó padà wá fún àyẹ̀wò, dọ́kítà ti ilẹ̀kùn. "Màmá, ta ló sọ ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ yẹn fún yín?"

Ó ṣàpèjúwe rẹ̀: ó ga, ó pupa, eyín iwájú rẹ̀ kan ti kán, ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò lórí itan. Dọ́kítà wá àga fìdí lé.

"Ọkùnrin yẹn ti kú kí ẹ tó wá síbí rárá, màmá. Èmi ni mo gé tiẹ̀. Mo ní ọ̀rá ni."

Orí Ìyá Aránṣọ wú.

"Ṣé ó bú mi?" ni dọ́kítà bi í.

"Rárá o. Ó ní ẹ ní kí òun jókòó, pé ẹ máa tó pe òun wọlé."

Èrò ṣì ń dúró lóde. Ó yẹ kí dọ́kítà ké sí ẹni tó kàn, àmọ́ kò mọ ẹni tí yóò dáhùn.