Àmì Orí Àánú

Ìwé náà ti lọ. Dúrọ́ọ̀ ṣófo, àfi bátìrì mẹ́ta tó ti kú àti àbẹ́là kan tí eku ti jẹ lẹ́nu.

Aneesah tún fa dúrọ́ọ̀ náà síta, bí ẹni pé ìwé lè fò padà wọlé. "Ibí ni mo fi sí ní Ọjọ́bọ̀. Walahi, Ẹ̀gbọ́n. Ibí yìí gan-an."

Motọ́lání wo dúrọ́ọ̀, ó wo Aneesah. Sájẹ́ǹtì ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni, dúrọ́ọ̀ òfìfo kì í ṣe tuntun lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ ìyá rẹ̀ ló wà nínú èyí tí wọ́n jí lọ́tẹ̀ yìí, síbẹ̀ inú rẹ̀ kò sọ nǹkan kan fún un. Bó ṣe rí nìyẹn láti oṣù mẹ́ta tí Mabel, ìyá rẹ̀, ti kú. Kò sunkún ní ọsibítù. Kò sunkún létí sàréè. Àwọn ẹbí ní ọkàn rẹ̀ le, òun náà kò jiyàn.

Ohun tó gbé e wá sílé yìí kò lọ́jú pọ̀. Ìwé ìmọ̀ ńlá kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní Ìwé Àjùmọ̀kọ. Ẹni tó bá wù lè kọ nǹkan sí i, ẹni tó bá wù sì lè tún un ṣe. Ní Ọjọ́bọ̀ àti Sátidé, Aneesah a máa kọ́ àwọn ẹni tuntun bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní Yorùbá, nínú pálọ̀ Àǹtí Ethel ní Àgùdà. Motọ́lání bẹ̀ ẹ́ kó kọ ojú ewé kan nípa Mabel, tíṣà tó ya Igi Òǹkà, àwòrán tí ọ̀pọ̀ ọmọ Surulere fi mọ oókan dé ogún. Òun fúnra rẹ̀ kò lè kọ ọ́. Òfin ibẹ̀ ni: ọmọ kì í kọ ti ìyá rẹ̀.

Òfin kejì le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí kò bá ní ẹ̀rí nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde, wọn kì í kọ ọ́. Ẹ̀rí kan ṣoṣo tí Mabel ní ni ìwé pẹlẹbẹ tí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣe nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ náà pé àádọ́ta ọdún. Bí wọn kò bá ya fọ́tò rẹ̀ sórí ojú ewé náà kó tó di aago mẹ́rin ọ̀sán òní, wọn yóò pa Mabel rẹ́.

Aago méjì ti lù.

"Ta ló wà níbí ní Ọjọ́bọ̀?"

"Èmi, Jethro, àti Awwal. Màmá tó nilé náà wà ní kíṣìnì."

Àǹtí Ethel gbé tíì wọlé, ó sì fi ìgbúnwọ́ ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn ara rẹ̀. Ìwé kan tó ti pọ́n wà lára ilẹ̀kùn náà tí òun fúnra rẹ̀ fi gègé kọ: *Ẹ mã ti ilẹkun nigbati ẹ ba nlọ.* Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni. Òun àti Mabel jọ kọ́ ọmọ fún ọdún méjìlélógún, wọ́n sì jọ jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Motọ́, o ò jẹun, àbí?"

"Mo ti jẹun, mà." Irọ́ ni. Oúnjẹ kì í wá sí i lọ́kàn mọ́.

Aneesah ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀. "Ẹ wò ó, Ẹ̀gbọ́n. Nǹkan kì í sọnù níbí. Gbogbo àtúnṣe ló ní ọjọ́, ló ní aago." Ó tọ́ka sí ìlà kan. Ní Ọjọ́bọ̀, aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú méjìlá, ẹnìkan yọ orúkọ ìwé pẹlẹbẹ náà kúrò lára ojú ewé Mabel. Kò sí orúkọ ẹni náà níbẹ̀. Nọ́ńbà lásán ló wà.

"Kí ni nọ́ńbà yìí?"

"Ẹni tí kò bá fi orúkọ wọlé, nọ́ńbà íńtánẹ́ẹ̀tì tó lò ló máa ń hàn. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí mo kọ́ wọn nìyẹn, Sátidé tí Màmá fún mi ní kọ́kọ́rọ́, tí wọ́n lọ sí ìpàdé Ẹgbẹ́ Ìyá."

"Nọ́ńbà ibo wá ni?"

Aneesah rẹ ohùn sílẹ̀. "Wáì-fáì ilé yìí."

Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Motọ́lání tẹjú mọ́ ọ̀rọ̀ tí ẹni náà fi ṣàlàyé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀: *Ẹ ṣe ãnu. Eyi ki iṣe otitọ.*

Jethro àti Awwal ti dé fún ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà. Jethro ni Motọ́lání kọ́kọ́ pè. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ará Yaba, ẹni tí òfin wà létè rẹ̀ ju orin lọ. Òun ló lẹ ìkìlọ̀ ìparẹ́ mọ́ ojú ewé náà ní ọjọ́ méje sẹ́yìn.

"Kí ni ìyá mi ṣe fún ẹ?"

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ ìyá yín rí. Ẹ̀rí ni mo béèrè. Tó bá jẹ́ ìyá tèmi, mo máa lẹ̀ ẹ́ náà ni."

"Wo ọ̀rọ̀ yìí. Ta ló kọ ọ́?"

Jethro rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹni tuntun ni. Ó fẹ́ fi àmì ohùn sórí *a*, ìka ẹ̀ yọ̀, ó tẹ ìgbì."

"Kí ló ń jẹ́ ìgbì?"

"Àmì wọ́lọwọ̀lọ yẹn. Òun náà la fi ń buwọ́ lùwé níbí." Ó tẹ ìgbì mẹ́rin tẹ̀léra, ~~~~, orúkọ rẹ̀ àti aago sì yọ jáde fúnra wọn.

Awwal ló kàn. Ó ń tẹ káàdì ìgbéyàwó ní Mushin. Kò pẹ́ tó dé ẹgbẹ́ náà tó fi kọ ojú ewé nípa ara rẹ̀, ó pe ara rẹ̀ ní gbajúmọ̀ ayàwòrán, Aneesah sì pa á rẹ́.

"Ó dùn ẹ́?"

"Ó dùn mí o, Ẹ̀gbọ́n, mi ò lè parọ́. Mo ti fi ránṣẹ́ sí gbogbo fáńbílí! Ṣùgbọ́n kí n wá torí ẹ̀ jí ìwé olóògbé? Hàbà."

Motọ́lání gba fóònù rẹ̀, ó ka ọ̀rọ̀ tó ń kọ sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kò sí àmì kan lórí, kò sí ọ̀kan nísàlẹ̀. Bí ìyá rẹ̀ bá rí Yorùbá yìí, gègé pupa ìbá ti gbẹ.

Ó yíjú sí Aneesah. "Ìwọ ńkọ́? Mo ka ojú ewé tí o kọ. Ẹnu àgbà ni apá kan ń sọ, ẹnu tìrẹ ni apá kejì ń sọ. O da ìwé náà kọ. Bí ìwé bá sọnù, ta ló máa mọ̀?"

Omi dé ojú Aneesah. "Ìpínrọ̀ méjì péré ni. Èmi tí mò ń sọ fún wọn pé ẹ má dà á kọ! Mo kàn fẹ́ kó yá, kínú yín lè dùn ni."

"Inú mi kì í dùn lásìkò yìí," ni Motọ́lání wí. Kò bínú. Bó ṣe rí ló sọ.

Ó fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní bébà, ó ní kí wọ́n kọ ohun tí òun bá pè: Ẹ ṣe àánú. Èyí kì í ṣe òtítọ́. Ti Jethro mọ́ bí aṣọ ìsìn. Ti Aneesah náà pé. Ti Awwal kò lámì: *E se aanu*. Motọ́lání to bébà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí tábìlì, ó ń wò wọ́n. Gbogbo wọn ló kọ *a* méjì.

Ẹni tó yọ ìwé Mabel kúrò kọ ẹyọ kan. Ìka tó yọ̀ lè tẹ àmì tí kò yẹ, ṣùgbọ́n kì í gbé *a* kan mì. Ẹni yẹn kò ṣàṣìṣe. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ló ṣe kọ ọ́.

Ó gbójú sókè, ojú rẹ̀ sì bá ìwé ara ilẹ̀kùn. *Ẹ mã ti ilẹkun.*

Àkọtọ́ àtijọ́ ni, níbi tí ìgbì orí *a* kan ti dúró fún *a* méjì, ti Bíbélì àwọn bàbá wa, kí ìjọba tó yí i padà. Mabel kò fẹ́ rí i sójú. Nígbà tí Motọ́lání wà nílé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń gbé inú ọgbà, lẹ́tà tó bá kọ sílé a máa padà wá bá a pẹ̀lú gègé pupa lára. Mabel a sì máa fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́: "Ethel ahun! *A* méjì ò lè ti ọwọ́ ẹ̀ jáde."

Motọ́lání wọ kíṣìnì. Àwọn yòókù tẹ̀lé e. Àǹtí Ethel jókòó, tábúlẹ́ẹ̀tì tí ọmọ rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti òkè òkun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo mílíìkì.

"Àǹtí Ethel, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìwé náà."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ẹ̀yin ni, mà. Ẹ kọ *a* kan."

Ìyá àgbà náà fa síìpù àpò Bíbélì rẹ̀, ó sì yọ ìwé pẹlẹbẹ náà síta. Aneesah fọwọ́ bo ẹnu.

"Ọjọ́bọ̀ ni mo wá kó ife," ló wí. "Mo fa dúrọ́ọ̀, mo mú un. Ẹnì kankan ò gbójú sókè. Ta ní ń wo arúgbó tó ń kó ife? Láti kíṣìnì yìí ni mo ti ń gbọ́ ẹ̀kọ́ yín. 'Ẹ má bẹ̀rù, ẹ tẹ àtúnṣe.' Mo tẹ̀ ẹ́. Ẹni tuntun ni èmi náà."

"Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ lẹ ò gbọ́, mà. Àwọn yòókù mọ̀ pé nọ́ńbà máa ń hàn."

"Ìpàdé ni mo lọ." Ó nu ojú rẹ̀ nù. "Èmi ni mo ya igi yẹn, Motọ́. Ewé tó bá hù lórí ẹ̀ka, ó lé. Ewé tó bá já sílẹ̀, ó dín. Kí ọmọ lè fojú rí i pé márùn-ún já lára ogún kó tó di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọ̀sẹ̀ tí mo lọ sin Bàbá Ayọ̀miídé, ọkọ mi, ní Ìjẹ̀bú ni àwọn olùbẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ dé. Wọ́n bi Mabel pé ta ló yà á. Ó ní òun ni. Nígbà tí mo dé, ó kúnlẹ̀ bẹ̀ mí, ó ní òun máa sọ òtítọ́ fún wọn. Kò sọ ọ́ títí ó fi kú. Mo sì fẹ́ràn ẹ̀, mi ò lè bá a jà. Ó wá di Ọjọ́bọ̀, mo gbọ́ tí ọmọ yìí ní ohun tí ò bá ní ẹ̀rí, wọn kì í kọ ọ́. Mo ní, tèmi ò ní. Kí tiẹ̀ náà má ní."

Motọ́lání ṣí ìwé náà. Fọ́tò Igi Òǹkà gba ìlàjì ojú ìwé, orúkọ ìyá rẹ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ó gbé e sún mọ́ ojú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewé márùn-ún tó já sílẹ̀, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà: *Mẹ̃dogun.* Mabel kò jẹ́ kọ bẹ́ẹ̀ láyé. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa ń bá a.

Aago mẹ́ta ààbọ̀.

"Tá a bá ya fọ́tò ẹ̀ báyìí, ojú ewé máa dúró," ni Jethro wí jẹ́jẹ́. "Ohun tí wọ́n tẹ̀ ni òfin mọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Orúkọ ìyá yín ni wọ́n tẹ̀."

"Ẹ yà á," ni Àǹtí Ethel wí. "Ó ti tó. Òkú kì í jà."

Gbogbo wọn ń wo Motọ́lání. Òun náà ń dúró kí inú rẹ̀ sọ nǹkan. Kò sọ.

"Ṣé ọmọ lè sọ̀rọ̀ níbẹ̀?"

"Ẹ lè sọ ọ́ ní ojú ewé ìjíròrò," ni Aneesah dáhùn. "Kí ẹ sọ ẹni tẹ́ ẹ jẹ́, kí ẹ sì buwọ́ lù ú."

Motọ́lání jókòó, ó sì tẹ̀ ẹ́ ní ẹyọ ẹyọ: *Èmi ni ọmọ Mabel. Ìwé yìí ní ìyá mi ló ya Igi Òǹkà. Ọwọ́ tó wà lára igi náà kì í ṣe ọwọ́ ìyá mi. Mi ò bẹ̀bẹ̀ kí ojú ewé yìí dúró.* Ó tẹ ìgbì mẹ́rin. Orúkọ rẹ̀ yọ.

Jethro kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ló ní, ọmọ ẹ̀ sì ti ta kò ó. Kò lè dúró."

Ní aago mẹ́rin, Aneesah ṣí ojú ewé tí wọ́n to orúkọ àwọn tíṣà Surulere sí. Orúkọ tó bá ní ojú ewé tirẹ̀, àwọ̀ búlúù ni. Èyí tí kò bá ní, pupa ni. Orúkọ Ethel kò sí níbẹ̀ rárá. Ti Mabel wà láàárín, búlúù. Aneesah tún ojú ewé náà ṣí.

*Mabel Ọláníyì.* Pupa.

Pupa yẹn ni Motọ́lání mọ̀. Òun ló máa ń bá lára lẹ́tà rẹ̀, níbi tí ìyá rẹ̀ bá ti rí àṣìṣe. Omi já bọ́ sórí kọ̀ǹpútà kó tó mọ̀ pé òun ló ń sunkún. Ó sunkún títí, kò sì sí ẹni tó ní kó dákẹ́.

Àǹtí Ethel fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn, ó ti ife sí i lọ́wọ́.

"Mu tíì ẹ, Motọ́."

Ó ti tutù. Motọ́lání mu ún tán.